Agbárí Kì Í Ṣe Ẹsẹ̀ Àga

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Faransé dá agbárí mẹ́ta padà fún Madagásíkà. Wọ́n gbà pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti Ọba Toera, ọba àwọn Sakalava ní Menabe, ẹni tí ọmọ ogun Faransé pa ní Ambiky ní ọdún 1897. Òfin tí Faransé ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ìdápadà náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sì lò ó nìyẹn.

Ìròyìn bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó dùn mọ́ gbogbo ọmọ Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ nínú. Ṣùgbọ́n ó mú ìbéèrè kan wá tí ó súnmọ́ ilé ju Madagásíkà lọ: agbárí tí ó wà nílé ńkọ́?

Kí ìdáhùn tó lè wà, ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ ohun tí agbárí jẹ́. Egungun 22 ni ó para pọ̀ di agbárí àgbàlagbà, láìka àwọn egungun kéékèèké inú etí. Mẹ́jọ yí ọpọlọ ká. Mẹ́rìnlá di ojú àti ẹnu. Nínú gbogbo wọn, egungun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ nìkan ni ó ń mira. Ẹran àti iṣan ni ó so ó mọ́ orí. Nígbà tí wọ́n bá jẹrà, àgbọ̀n a já bọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ agbárí tí ó wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí kò fi ní àgbọ̀n mọ́. Ẹnu tí ó ń jẹun, tí ó ń kí ará ilé, tí ó ń pe orúkọ ọmọ, òun ni ó kọ́kọ́ sọnù.

Eyín ni ó máa ń pẹ́ jù. Ọmọdé a hu eyín 20, àgbàlagbà a ní 32. Èyí tí ó gbẹ̀yìn pátápátá a máa yọ láàárín ọdún 17 sí 25. Láti ibẹ̀ ni ẹni tí ó mọṣẹ́ ti lè mọ̀ bóyá ọ̀dọ́ tàbí àgbà ni olórí náà. Èèpo funfun tí ó bo eyín ni ohun tí ó le jù lọ nínú ara ènìyàn. Láti kékeré ni ó ti ń dá, kì í sì í yí padà mọ́, nítorí náà omi àti oúnjẹ ìlú tí ọmọ ti dàgbà a máa fi àmì sílẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó dàgbà ní ìlú kan tí ó sì kú sí ọ̀nà jíjìn, eyín rẹ̀ lè jẹ́rìí pé àlejò ni níbi tí ó kú sí.

Síbẹ̀, egungun kò mọ orúkọ. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ agbárí mẹ́ta náà wò lè sọ pé ti Sakalava ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ti Toera wà níbẹ̀. Ìrántí àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó gbé orúkọ náà dúró.

Ó di ọ̀rọ̀ ilé wàyí. Ọba Ghezo, tí ó jọba ní Dàhòmì láti 1818 sí 1858, ní ìtẹ́ gíga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí agbárí ènìyàn mẹ́rin. Ìtẹ́ náà wà lára ohun ìṣúra ààfin Àgbómè, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi í han àlejò. Wọ́n máa ń sọ pé agbárí àwọn olórí ọ̀tá tí ọba ṣẹ́gun ni. Ta ni àwọn ọ̀tá náà? Ghezo bá àwọn Màhí jagun. Ó bá àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá jagun pẹ̀lú: Òkè-Ọ̀dàn ṣubú ní 1848, Abẹ́òkúta kò ṣubú ní 1851. Wọn kò lè jẹ́ ará Kétu tí Glèlè kó lẹ́rú ní 1886, nítorí Ghezo ti wàjà ṣáájú ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹnìkan ni wọ́n.

Yorùbá kò fi orí ṣeré. Orí la bá bọ, a bá fi òrìṣà sílẹ̀. Orí ni àwọn ìyá ń tọ́jú nígbà tí àwùjẹ̀ ọmọ kò tíì le. Kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n ń dé adé sí. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá kú sí ìdálẹ̀ tí kò ṣeé gbé wálé, irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń mú wá kí wọ́n lè sin ín sí ilé baba rẹ̀. Bí irun àti èékánná bá tó ohun tí wọ́n ń sin, odindi orí ńkọ́?

Àwọn kan yóò wí pé ìtàn ni ìtẹ́ náà, àti pé ẹni tí ó bá yọ agbárí kúrò lábẹ́ rẹ̀ ti pa ìtàn rẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwúwo. Ìtẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ bàjẹ́, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi í dá ìjà àtijọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n igi àga yàtọ̀ sí ènìyàn. Agbẹ́gilére lè gbẹ́ mẹ́rin tí ó jọ wọ́n láti dúró níbẹ̀, kí ìtàn máa bá a lọ, kí àwọn tí ó ni orí sì sinmi. Àgbómè fúnra rẹ̀ mọ ìtumọ̀ èyí: Béhanzin kú ní Àlgéríà ní 1906, wọ́n sì kó egungun rẹ̀ wálé ní 1928. Orílẹ̀-èdè tí ó gba ohun ìṣúra 26 padà lọ́wọ́ Faransé ní 2021 kò gbọdọ̀ máa béèrè lókèèrè ohun tí kò lè béèrè nílé.

Ó yẹ kí ààfin Àgbómè ní ohùn nínú ìpinnu yẹn. Kí àwọn àgbà Kétu, Sábẹ̀ẹ́, Ìdàáṣà àti ti Màhí lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìgbé ẹjọ́ lọ. Bí àyẹ̀wò yóò bá wà, kí gbogbo ìhà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, nítorí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ máa ń ba díẹ̀ nínú eyín jẹ́.

Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kò sì nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n jókòó ti àwọn arúgbó, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí ogun kó lọ sílẹ̀, pẹ̀lú agbo ilé wọn, oríkì wọn, àti àmì tí ìdílé rántí: ta ni ó ní èjí, ta ni wọ́n pa eyín rẹ̀ lára. Ọjọ́ kan lè dé tí egungun yóò dé láti Párísì tàbí láti Àgbómè, tí kò ní sí ẹni tí yóò mọ orúkọ tí wọn yóò pè é.

Ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì ń parí ìjà, nítorí inú ẹnu kan ni wọ́n ń gbé. Àgbómè àti Kétu ti di ará orílẹ̀-èdè kan. Orí mẹ́rin tí ó ti ru ìtẹ́ láti ayé Ghezo ti rù ú tó.