Ọ̀sà Àgbádárìgì, Òpópó Tí A Kẹ̀yìn Sí

Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò: báyìí ni àwọn baba wa ṣe ń wúre, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró létí ọ̀sà Àgbádárìgì nígbà òjò yóò rí àlejò kan tí ó ti lékè àwọn méjèèjì, ìyẹn koríko olódòdó àlùkò tí ó bá omi wọlé láti ìhà Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin ní ọdún 1984, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ títí àjẹ̀ ọlọ́kọ̀ kò fi ríbi bọ omi, tí àwọ̀n apẹja sì ń kó gbòǹgbò dípò ẹja.

Ẹ̀yìn iyanrìn etíkun ni ọ̀sà náà gbà, òun àti òkun jọ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìfarakanra, láti Àjàṣẹ́ títí dé Èkó. Odò Yewa ń gbé omi dídùn wá bá a láti òkè. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, tí omi òkè fà, iyọ̀ òkun a gba ẹnu èbúté Èkó wọlé, a sì pa púpọ̀ nínú koríko náà, kí òjò tó tún mú un padà.

Kí títì ọlọ́dà tó dé, omi yìí ni òpópó. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ẹrú kọjá sí erékùṣù Gberefu, kí wọ́n tó wọ́ wọn la iyanrìn já lọ bá ọkọ̀ òkun. Etí rẹ̀ náà ni Freeman àti Townsend, àwọn oníwàásù, dé sí lọ́dún 1842. Bí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọdún 1845 tí àwọn arìnrìn-àjò ń ya fọ́tò rẹ̀ bá sì kọjú sí omi, kì í ṣe nítorí atẹ́gùn nìkan: ibẹ̀ ni àlejò ti ń wá.

Ilé náà ni à ń tọ́jú, a kò tọ́jú omi. Bẹ́ẹ̀, omi náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: ní abúlé àwọn Ògù tí ó wà létí rẹ̀, wọn a máa ri ẹ̀ka igi mọ́ ibi tí omi kò ti jìn, èyí tí wọ́n ń pè ní akaja: ẹ̀ka a rà díẹ̀díẹ̀, ohun wẹ́wẹ́ tí ẹja ń jẹ a hù sí i lára, ẹja a fi í ṣe ilé, títí ọjọ́ tí wọn yóò fi àwọ̀n yí i ká, tí wọn yóò fa ẹ̀ka jáde, tí wọn yóò sì kó ẹja. Irú ọgbọ́n yìí àti ẹ̀rọ tí àwọn awayanrìn fi ń fa iyanrìn láti ìsàlẹ̀ omi kò lè jọ gbé, nítorí ibi tí ẹ̀rọ bá ti gbẹ́ di kòtò, igi kò ní í dúró níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìjọba tí ń náwó sórí títì Èkó sí Àgbádárìgì, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò sì kúrò níbẹ̀, yẹ kí ó máa kó koríko kúrò lójú omi kí ọkọ̀ lè máa rìn tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì bi àwọn apẹja léèrè ibi tí ẹja ń yé sí kí ó tó buwọ́ lu ìwé àṣẹ awayanrìn kankan.