Ẹni Tí Ó Gbà Láti Tún Bẹ̀rẹ̀

  Lónìí, a fẹ́ ro ẹjọ́ kan mọ́ ara wa lẹ́sẹ̀, a ó sì sọ ìtàn obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi alùpùpù sá eré ìje. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe béèrè pé kí ni alùpùpù ń wá nínú ìwé ìròyìn ìdílé. Ẹ fara balẹ̀, ẹ ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa, ìyá ìbejì ni. Ọdún 11 ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní àdúgbò wa, ó ń di ọjà sínú páálí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ọ̀tà àti Sángò, ẹ kò nílò àlàyé lórí bí ọ̀ràn ilé iṣẹ́ ti rí: bí wọ́n bá gba ènìyàn lónìí, wọ́n lè dín wọn kù lọ́la. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n fún òun àti àwọn mìíràn ní ìwé pé kí wọ́n má padà wá mọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ìparí ọdún 2024, ó wá bá wa ní ọ́fíìsì.

Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, àdúrà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbà. Mo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀kadà."

A rò pé etí wa ni kò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ. Ó ní bí òun ti ń kọjá ní Jojú lójoojúmọ́, òun rí i pé ọ̀kadà kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tún un ṣe tí kò ní bàjẹ́ padà kò pọ̀. Ó ní nígbà tí òun wà ní ilé iṣẹ́, bí ẹ̀rọ tí ń lẹ páálí bá dákẹ́, òun ni wọ́n máa ń pè kí ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe tó dé.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rín ni a rín. A ní, "Ìyá Ìbejì, ọmọ ọdún 38 ni yín. Ṣé ẹ ó wá máa jókòó ti ọmọ ọdún 16, kí ó máa rán yín níṣẹ́ pé ẹ lọ fọ púlọ́ọ̀gì?" A gbà á nímọ̀ràn pé kí ó wá iṣẹ́ tí ó yẹ obìnrin, kí ó gbé fìríìjì síta, kí ó máa ta omi tútù. Ó dúpẹ́, ó kúnlẹ̀, ó lọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń jáde, a rí i pé ara rẹ̀ kò yá gágá bí ìgbà tí ó wọlé.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ọmọ wa ọkùnrin ń wo ìròyìn eré ìdárayá lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ké sí wa, ó ní, "Dádì, ẹ wá wo obìnrin yìí. Ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ nìyí nínú eré Dakar, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí kò ní lè parí rẹ̀." A béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní Laia Sanz. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni a ti ń wá ìtàn obìnrin yìí kà, nítorí pé bí a ti ń kà á ni ó ń bá wa wí.

Ọmọ ilẹ̀ Sípéènì ni Laia Sanz. Ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1985 ni wọ́n bí i, ìlú Corbera de Llobregat tí kò jìnnà sí Barcelona ni ilé wọn. Ìdílé tí ó fẹ́ràn alùpùpù ni, láti kékeré ni ó sì ti ń gùn ún. Ìdíje tí ó kọ́kọ́ mú ni èyí tí wọ́n ń pè ní trial. Eré sísá kọ́ ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Orí àpáta, orí ìtì igi àti inú omi ni wọ́n ń gbé alùpùpù gbà, orí ìdúró ni ẹni tí ń gùn ún sì máa ń wà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ ẹ̀bi 1 sí i lọ́rùn. Bí kò bá lè gba ibẹ̀ kọjá rárá, ẹ̀bi 5 ni. Ẹni tí ẹ̀bi rẹ̀ bá kéré jù ni ó borí.

Ní ọdún 2000, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15, Laia gba ipò kìn-ín-ní láàrin àwọn obìnrin àgbáyé nínú trial. Ó gbà á lọ́dọọdún títí di ọdún 2006. Ní ọdún 2007, Iris Krämer ti ilẹ̀ Jámánì gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2008 ó gbà á padà, kò sì tún jẹ́ kí ó bọ́ títí di ọdún 2013. Ẹ̀ẹ̀mẹtàlá ni gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ṣé ẹ̀yin ará rí ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀, tí gbogbo ayé sì ń pè é ní ọ̀gá? Ó rọrùn fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti jókòó ti iṣẹ́ náà títí ayé. Laia kò jókòó. Ó tún lọ sí ìdíje enduro, níbi tí wọ́n ti ń gba inú igbó, ẹrẹ̀ àti orí òkè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí aago sì ń ka ìṣẹ́jú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ kò fẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nìkan, ó fẹ́ eré àti agbára. Ní ọdún 2010 àti 2011, Ludivine Puy ti ilẹ̀ Faransé ni ọ̀gá àwọn obìnrin níbẹ̀. Láti ọdún 2012 títí di ọdún 2016, Laia ni.

Níwọ̀n ìgbà tí ó ṣì ń ṣe méjèèjì yìí, ó tún mú ẹ̀kẹta mọ́ ọn, èyí ni eré Dakar. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí pé ilẹ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni eré yìí ti gba orúkọ. Ìlú Paris ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbéra ní òpin ọdún 1978, wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà já, wọ́n sì parí rẹ̀ ní Dakar, olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gà, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1979. Nítorí ewu ààbò ní Mọriténíà, wọn kò sá a ní ọdún 2008. Wọ́n gbé e lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, wọ́n sì gbé e lọ sí Saudi Arabia ní ọdún 2020. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń sá a, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà ni. Ẹni tí ó wà lórí alùpùpù kò ní ẹnìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí yóò máa júwe ọ̀nà fún un. Òun ni yóò máa gùn, òun náà ni yóò máa ka ìwé ọ̀nà, nínú iyanrìn àti eruku.

Laia kọ́kọ́ lọ ní ọdún 2011. Ẹni tí ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbáyé nínú ìdíje mìíràn, ipò 39 ni ó ṣe. Ní ọdún 2012, ipò 39 kan náà ni. Ní ọdún 2013, ẹ̀rọ dà á láàmú lójú ọ̀nà, ó sì fà sẹ́yìn dé ipò 93. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi nọ́ḿbà yìí. Ipò kẹtàléláàádọ́rùn-ún! Ta ni nínú wa tí yóò ṣe iṣẹ́ kan fún ọdún mẹ́ta, tí yóò máa lọ sẹ́yìn, tí kò ní sọ pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti òun? Ó padà ní ọdún 2014, ó ṣe ipò 16. Ní ọdún 2015, ó ṣe ipò 9 láàrin gbogbo àwọn tí ó gun alùpùpù, àti ọkùnrin àti obìnrin. Kò sí obìnrin tí ó tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ lórí alùpùpù nínú eré náà ṣáájú rẹ̀.

Alùpùpù Honda ni ó gùn ní ọdún náà. A mẹ́nu ba èyí nítorí pé orúkọ náà kì í ṣe àjèjì ní Ọ̀tà. Ọdún 1979 ni Honda dá ilé iṣẹ́ alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, Ọ̀tà níbí sì ni wọ́n ti ń to wọ́n pọ̀. Àwọn baba kan nínú ìjọ wa mọ bí a ti ń de nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ náà níkọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tí ó wà lára alùpùpù tí ó sọ pé ọwọ́ obìnrin kò gbọdọ̀ kàn án.

Àìsàn náà kò yọ ọ́ sílẹ̀. Ṣáájú Dakar ọdún 2019, ibà kan tí wọ́n ń pè ní Q fever gbé e dè, kò sì lè múra bí ó ti yẹ. Síbẹ̀ ó lọ, ó ṣe ipò 11. Àìsàn mìíràn, Lyme, tún dé lẹ́yìn èyí, ó sì gbé e lọ sínú ìdíje ọdún 2021, ó ṣe ipò 17. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni ó gun alùpùpù lọ sí Dakar láti ọdún 2011 títí di ọdún 2021. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá náà ni ó dé òpin. Kò gba ipò kìn-ín-ní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàrin gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọdún kan tí ó dúró sójú ọ̀nà.

Ní ọdún 2022, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 36, ó fi alùpùpù sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nínú eré kan náà. Ó tún di akẹ́kọ̀ọ́. Ipò 23 ni ó ṣe. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun, nítorí pé Jutta Kleinschmidt ti ilẹ̀ Jámánì ti gbà á kọjá ṣáájú rẹ̀. Orí alùpùpù ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀ Dakar ní ọdún 1988, kí ó tó wọ ọkọ̀. Ní ọdún 2001, ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó borí gbogbo àwọn ọlọ́kọ̀. Áfíríkà náà kò sì gbẹ́yìn. Ní ọdún 2020, Kirsten Landman àti Taye Perry, ọmọ ilẹ̀ South Africa, gun alùpùpù dé òpin Dakar, wọ́n sì ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọdún 2025 tí ọmọ wa pè wá sí, ọkọ̀ Laia ló dojú dé. Àwọn irin tí ń dáàbò bo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ bàjẹ́, àwọn alábòójútó sì sọ pé kò gbọdọ̀ tẹ̀síwájú. Ó dúró. Ẹni tí ó ti parí eré náà ní ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kí ọ̀nà sú ènìyàn, ọ̀tọ̀ sì ni kí a dá ènìyàn dúró nítorí ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ohun mẹ́ta ni a rí kọ́, a sì fẹ́ kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ilé yín.

Èkíní, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Baba tí ilé iṣẹ́ dá dúró kò tíì parí. Iṣẹ́ ni ó parí, kì í ṣe òun.

Èkejì, ọgbọ́n àná kì í ṣòfò. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí Laia kọ́ lórí àpáta nígbà èwe wúlò fún un lórí òkúta aṣálẹ̀. Ọwọ́ tí Ìyá Ìbejì fi ń tún ẹ̀rọ páálí ṣe, òun kan náà ni yóò fi tú ẹ́ńjìnnì. Àwa ni a kò rí i.

Ẹ̀kẹta, ìtìjú ni ó ń pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹni tí kò bá lè gba ipò 39, kò lè dé ipò 9. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tí àgbà ń wò yìí náà ni kì í jẹ́ kí ó tètè dìde, nítorí ó ń wò ó bóyá ẹnìkan rí òun. Ẹ ka orí kejìdínlógún ìwé Jeremáyà, ẹ wo ohun tí amọ̀kòkò ṣe sí amọ̀ tí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò kó o dànù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìròyìn náà, àwa àti ìyàwó wa lọ sí ilé Ìyá Ìbejì. Bàbá Ìbejì wà nílé. A sọ fún àwọn méjèèjì pé a ṣi ọ̀rọ̀ sọ, a sì tọrọ àforíjì. Bàbá Ìbejì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Pásítọ̀, ohun tí àwọn ènìyàn yóò máa sọ ni mo ń rò." A sọ fún un pé ohun tí àwa náà rò nìyẹn, òun sì ni ó mú wa rẹ́rìn-ín ẹni tí ó wá gbàdúrà.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tí ó ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan. Kò tíì gba òmìnira. Àwọn ọlọ́kadà kan ṣì máa ń sọ pé kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá tún tiwọn ṣe, àwọn kan sì ti ń dúró dè é. Bàbá Ìbejì kò tíì fẹ́ràn rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n òun ni ó ra ṣọkọtọ iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń wọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin aṣáájú bíi tiwa, bí ẹnìkan nínú ilé yín bá wá sọ pé òun fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ẹ̀rín pamọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a gbàdúrà tí ó wá gbà. Ó dìgbà kan ná, kí Olúwa kí ó pa ilé yín mọ́.