Ìtìjú Tí Ń Dáàbò Bo Ọ̀daràn



Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n lòdì sí i pé kí a máa fi eré kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé-kéwú bí wọn yóò ti máa ṣọ́ ara wọn. Wọ́n ní ìtìjú jẹ́ ara ìgbàgbọ́, pé irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò la ọmọ lójú sódì. Ta ni ìtìjú yìí ń ṣe láǹfààní? Ìwádìí tí Àjọ Elétò Ìkànìyàn ilẹ̀ Nàìjíríà àti UNICEF ṣe ní 2014 fi hàn pé ọmọbìnrin 1 nínú 4, ọmọkùnrin 1 nínú 10, ni ẹnìkan ti hu ìwà ìbálòpọ̀ àìtọ́ sí kí wọ́n tó pé ọdún 18. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ ṣí Suratu Nuur, àáyà 58. Ọlọ́hun pa á láṣẹ níbẹ̀ pé kí ọmọ tí kò tíì bàlágà máa tọrọ àyè kí ó tó wọlé ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́: ṣáájú ìrun Àsùbáà, ní ọ̀sán tí a bá bọ́ aṣọ sílẹ̀, àti lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. Ẹ̀kọ́ nípa ara kọ́ ni èyí bí? Ṣé àṣà aláwọ̀ funfun ni?

Wọ́n tún ní wáàsí tó, kí ni ti eré? Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá Abu Umayr, ọmọ kékeré, ṣàwàdà lórí ẹyẹ rẹ̀. Àwa sì ti kọ́ ọmọ wa pé kí ó kúnlẹ̀, kí ó jíṣẹ́ tí àgbà bá rán an, kí ó má jiyàn. Ẹnu tí kò sọ "rárá" fún àgbà rí, ṣé ọjọ́ ewu ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ?

Ẹ fa ìlà sílẹ̀: ọ̀tún ni "bẹ́ẹ̀ ni", òsì ni "rárá". Olùkọ́ yóò wí pé: "Ìyá rẹ ń wẹ̀ fún ọ." Wọn yóò fò sí ọ̀tún. "Ẹ̀gbọ́n àdúgbò ní kí o bọ́ ṣòkòtò, òun yóò fún ọ ní bisikíìtì." Wọn yóò fò sí òsì, wọn yóò pariwo "Rárá!", wọn yóò sáré lọ bá ẹni tí ó ń ṣe ìyá nínú eré náà, wọn yóò sì rò ó fún un láìfi ohunkóhun pamọ́. "Afáà rẹ ní kí o má sọ ohun tí òun ṣe fún ọ." Orí ìlà ni ọ̀pọ̀ ọmọ yóò dúró sí nígbà tí wọ́n bá gbọ́ èyí, tí wọn yóò máa wojú olùkọ́. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ tún ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. (Afáà tí ó bá bínú pé a dárúkọ òun, kí ó sọ ìdí rẹ̀.) Kí a sì pe ẹ̀yà ara ní orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n sí "nǹkan" nìkan, báwo ni yóò ṣe rojọ́?

Ṣùgbọ́n ọrùn ọmọ kọ́ ni ẹrù yìí wà. Bí ọmọ bá sọ̀rọ̀ tán, tí àwọn àgbà mọ́sálásí ń bẹ òbí rẹ̀ kí orúkọ ìjọ má bàa bàjẹ́, irọ́ ni a fi eré náà pa fún un. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá bá ọmọdé lò pọ̀; kò sí àyè ìpẹ̀tù níbẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan yan obìnrin kan àti ọkùnrin kan tí ọmọ lè lọ bá, kí wọ́n sì kéde orúkọ wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tí ń bọ̀.