Kì Í Ṣe Ebi Ló Bí "Ó Tó Gẹ́"

Dá ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀ níbikíbi ní Ìlọrin, ìdáhùn kan ló yá jù lẹ́nu: ebi pa aráàlú títí ara wọn ò gbà á mọ́, wọ́n figbe ta pé "Ó tó gẹ́!", agbo òṣèlú ìdílé Saraki bá fọ́ lọ́dún 2019. Ìtàn náà dùn létí. Irọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Òṣì ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kwara ní 2019. Ó wà níbẹ̀ lọ́dún 2015 tí Bukola Saraki padà sí Sẹ́nétì, tí Abdulfatah Ahmed sì tún wọlé gómìnà. Ní Ilé Arúgbó, níbi tí Olóyè Olusola Saraki, bàbá Bukola, ti máa ń pín oúnjẹ àti owó nígbà ayé rẹ̀, àwọn tí ìyà ń jẹ jù nígboro ló ń tò síbẹ̀, àdúrà ni wọ́n sì ń ṣe fún un. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: ẹni tó ń wá ohun tí yóò jẹ lálẹ́ kì í ráyè wá gómìnà tuntun. Nígbà tí ìjọba tuntun wó Ilé Arúgbó ní oṣù Kíní 2020, àwọn ìyá àgbà wà lára àwọn tó tako ó.

Kí ló wá yí padà? Àwọn ọ̀gá jà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 2018, Saraki, Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, fi APC sílẹ̀ lọ sí PDP, gómìnà sì tẹ̀ lé e. Bí APC ti Kwara ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ti ń wá ọ̀nà láti tú Saraki nídìí nìyẹn, Lai Mohammed tó jẹ́ mínísítà nígbà náà wà lára wọn. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n dán agbára wọn wò nínú ìbò tí wọ́n fi dí àyè tó ṣófo ní ẹkùn Èkìtì, Irẹ́pọ̀dùn, Ìsìn àti Òkè-Ẹ̀rọ. Wọ́n borí. Aráàlú wá rí i pé ó ṣeé ṣe! Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2019, Ibrahim Oloriegbe gba ìjókòó Sẹ́nétì lọ́wọ́ Saraki. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, AbdulRahman AbdulRazaq di gómìnà.

Ìlọrin fúnra rẹ̀ kò yẹ kó gbàgbé irú nǹkan yìí. Nígbà tí Aláàfin Aólẹ̀ rán ọmọ ogun sí Ìwéré-Ilé ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, ta ló dìtẹ̀? Àfọ̀njá, Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin, àti Baṣọ̀run Àsàmú ni. Èwo nínú wọn ni ebi ń pa? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyà ẹrú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1817, nígbà tí àwọn ẹrú Haúsá ń sá tọ Àfọ̀njá wá. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ìjòyè tó ń wá ọmọ ogun, tó sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. (Àwọn ọmọ ogun tó kó jọ yẹn náà ló padà pa á.)

Kí ìṣọ̀tẹ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé pàápàá, àwọn ọlọ́lá ló kọ́kọ́ kọ owó orí Ọba Louis XVI lọ́dún 1787. Àwọn obìnrin Paris tó wọ́ lọ sí Versailles nítorí búrẹ́dì ò tíì jáde títí di oṣù Kẹwàá 1789.

Ṣé ebi ò wá já mọ́ nǹkan kan ni? Ó já mọ́ ọn. Òun ló ń sọ iye èèyàn tí yóò rọ́ wọlé bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí. Kò mọ ilẹ̀kùn ún ṣí. Ẹ wo ìbò 2023. Náírà wọ́n débi pé àwọn èèyàn ń tò síwájú báńkì títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ọjà ò sì tà. Díẹ̀ nínú àwọn tó bá AbdulRazaq ja ìjà 2019 ti bá a dìjà. Ṣùgbọ́n wọn ò pawọ́ pọ̀: àwọn kan gba SDP lọ, PDP ti Saraki dá dúró láyè ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, AbdulRazaq tún wọlé.