Chianti Kì í Ṣe Ọtí Kíkan

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Níbi àpèjẹ kan, ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ agbádá olówó ńlá ṣí ìgò Chianti. Kò tíì fi oúnjẹ kan ẹnu. Ó mu díẹ̀, ó fajú ro, ó ní: "Ọtí kíkan rèé! Ó ti bàjẹ́." Ló bá da yìnyín àti mínírà lé e lórí. Àwọn tó jókòó tì í sì ń mi orí bí alángbá.

Irọ́ ni o! Ọtí ò bàjẹ́, ẹni tó ń mu ún ni ò mọ̀ ọ́n mu. Àìmọ̀kan ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà.

Ní Toscana, nílẹ̀ Ítálì, láàárín Florence àti Siena, ni ọtí yìí ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1716, Cosimo Kẹta tó ń ṣàkóso ibẹ̀ pa ààlà sí ilẹ̀ tí wáìnì rẹ̀ lè jẹ́ Chianti. Àjàrà dúdú kan, Sangiovese, ni olórí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ó máa ń kan, ó sì máa ń gbẹ ẹnu bí obì. Ṣé àbùkù nìyẹn? Ó tì o! Iṣẹ́ ló wà fún.

Ẹ wo ọbẹ̀ tòmátò tí wọ́n ń dà lé makaróònì. Òun náà ń kan. Wáìnì tí kò kan, tó bá pàdé rẹ̀, á tẹ́ lẹ́nu bí omi. Ẹ wo ẹran màlúù Florence, tó nípọn, tí wọ́n yan lórí ẹyinná. Kíkan wáìnì á gbá ọ̀rá kúrò lórí ahọ́n, ẹran náà á sì mú ìgbẹ wáìnì rọlẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ má sì rò pé oúnjẹ olówó nìkan ni. Ẹ̀wà funfun tí wọ́n da òróró ólífì sí, búrẹ́dì àná tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́, wàràkàṣì wàrà àgùntàn: oúnjẹ àgbẹ̀ Toscana nìwọ̀nyí, Chianti sì bá gbogbo wọn lọ. Àkàrà òyìnbó aládùn ni kò bá a mu, yóò mú kó túbọ̀ kan. Ata tó ń jó ẹnu náà, ẹ rọra.

Ẹnìkan á ní, "Mo ti mu Chianti burúkú rí." Òótọ́ ni. Òfin ọdún 1967 fi dandan lé e pé kí wọ́n da àjàrà funfun mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì di omi lásán nínú ìgò tí wọ́n fi koríko hun ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2006, àjàrà funfun ti di èèwọ̀ nínú Chianti Classico. Sangiovese kò sì gbọdọ̀ dín ní 80 nínú 100. Ẹ wá àwòrán àkùkọ dúdú lára ìgò.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a ti sọ wáìnì di aṣọ ẹbí: kí aráyé ṣáà rí ìgò lórí tábìlì wa. Àgbẹ̀ tó ṣe é kò ṣe é fún àṣehàn, fún oúnjẹ ló ṣe é. Ẹ gbé yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jẹ ẹran díẹ̀, ẹ mu ìwọ̀n díẹ̀. Tó bá ṣì jẹ́ ọtí kíkan lẹ́nu yín, ẹ wá bá mi jà.