Adójútòfò fún Ọmọ Ajá: Kí Àìsàn Tó Hàn Ni À Ń Rà Á

Láti Èkó títí dé àdúgbò Adankolo ní ìlú Lọ́kọ́ja, àwọn onílé tó ń wá ajá tí yóò máa ṣọ́ ọgbà wọn fẹ́ràn irú ajá ńlá bíi German Shepherd, Rottweiler àti Boerboel. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi ń ra ọmọ irú ajá bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í bèèrè: ta ni yóò san owó ìtọ́jú bí ọmọ ajá náà bá ti jogún àìsàn oríkèé láti ara òbí rẹ̀?

Hip dysplasia ni àwọn dókítà ẹranko ń pe àìsàn yìí. Orí egungun itan kì í jókòó dáadáa sínú ihò egungun ìbàdí, oríkèé náà á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ìrora yóò fi dé. Ajá náà lè máa tiro, dídìde lè nira fún un, ó sì lè máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò pọ̀ bí ehoro. Àwòrán egungun ni dókítà fi ń mọ̀ dájú. Iṣẹ́ abẹ wà fún un, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, adójútòfò ajá ti wà láti ọdún 1947. Òfin kan wọ́pọ̀ nínú ìwé àdéhùn wọn: ilé-iṣẹ́ kì í sanwó lórí àìsàn tó ti hàn kí ènìyàn tó gba ìwé náà. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí olùrà bèèrè. Ṣé ìwé náà kan àìsàn àjogúnbá? Ọjọ́ mélòó ni yóò kọjá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Ṣé títí ọjọ́ ayé ajá ni, tàbí oṣù 12 péré lórí àìsàn kan? Àìsàn oríkèé kì í tán láàárín ọdún kan. Ìwé olówó pọ́ọ́kú tó dáwọ́ dúró lẹ́yìn oṣù 12 lè di ọ̀wọ́n lẹ́yìn ọ̀la. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àìsàn pamọ́, nítorí ilé-iṣẹ́ lè béèrè àkọsílẹ̀ dókítà.

Ní Nàìjíríà, ètò adójútòfò iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1987 wà fún irè oko àti ẹran ọ̀sìn àwọn àgbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ti ajá ní láti bèèrè, kí ó sì gba èsì lákọsílẹ̀, dípò ọ̀rọ̀ ẹnu aṣojú. Bí ọmọ ajá bá ti ń tiro, ó sàn kí olówó rẹ̀ máa fi owó oríkèé náà pamọ́ fúnra rẹ̀ lóṣooṣù, kí ó sì ra adójútòfò nítorí ìjàǹbá ọkọ̀, májèlé àti àwọn àìsàn mìíràn.

Oúnjẹ pẹ̀lú jẹ́ ìtọ́jú. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n fi Labrador 48 ṣe ní Amẹ́ríkà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, ìdajì wọn ń jẹ oúnjẹ tó fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọmọ ìyá wọn. Àwọn wọ̀nyí gbé tó ọdún 13, àwọn yòókù sì gbé nǹkan bí ọdún 11. Àrùn oríkèé sì pẹ́ kí ó tó dé bá wọn. Dókítà ẹranko ni yóò sọ ìwọ̀n tó yẹ ọmọ ajá.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ajá tà. Láti ọdún 1965 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹranko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Kennel Club ti ń yẹ ìbàdí ajá wò. Lónìí, máàkì 0 sí 53 ni wọ́n ń fún ìbàdí kọ̀ọ̀kan, èyí tó kéré ló dára. Ó yẹ kí olùrà ní Nàìjíríà náà máa béèrè àwòrán ìbàdí bàbá àti ìyá kí ó tó sanwó, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ajá tó ní àìsàn yìí bímọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó.