Ilẹ̀ Oko Wa Náà Yẹ fún Àyẹ̀wò

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ní Èkìtì kì í yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó ra ajílẹ̀ sí i. Èyí tí ọlọ́jà bá ní lọ́wọ́ ni wọ́n ń rà.

Àwọn tó ń ṣe ìwádìí ojú ọ̀run kì í fi ojú lásán mọ ilẹ̀. Ní ọjọ́ 25, oṣù Karùn-ún, ọdún 2008, ọkọ̀ Phoenix tí àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán jáde gúnlẹ̀ sí plánẹ́ẹ̀tì Mars, lẹ́yìn ìrìn-àjò tó lé ní mílíọ̀nù 600 kìlómítà. Kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Apá irin rẹ̀ bu erùpẹ̀, ó dà á sínú ohun èlò tó tó ife tíì, omi tí wọ́n gbé láti ayé sì pò ó. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé erùpẹ̀ ọ̀hún kò kan, àti pé pòtásíọ̀mù wà nínú rẹ̀. Curiosity, tó dé ibẹ̀ lọ́dún 2012, gbé irinṣẹ́ X-ray dání láti mọ ohun tó wà nínú òkúta.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Irinṣẹ́ X-ray tí wọ́n ń fọwọ́ gbé ni wọ́n fi yẹ ilẹ̀ wò ní Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí májèlé òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400. Òun ló fi àgbàlá tó yẹ kí wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ dànù hàn.

A kò ní kí ìjọba Èkìtì rán ọkọ̀ lọ sí Mars. Pòtásíọ̀mù yẹn kan náà ni iṣu àti ẹ̀gẹ́ ń jẹ nínú ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì kan jù, ajílẹ̀ olówó ńlá lè ṣòfò sí i, nígbà tó jẹ́ pé eérú ló ń fẹ́.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìkọ̀lé. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún máa gba erùpẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní owó tí apá mẹ̀kúnnù ká, kí èsì sì dé ní èdè Yorùbá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ bu erùpẹ̀ níbi bíi mẹ́wàá nínú oko, ẹ pò ó pọ̀, ẹ sá a síbi òjìji. Lẹ́yìn náà, ẹ bi káńsẹ́lọ̀ yín léèrè ibi tí ẹ ó gbé e lọ.